Kásẹ́ẹ̀tì Tí Wọn Kò Fẹ́ Gbọ́ ní Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin ará Ṣakí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí. Bí mo bá ní kí n máa sọ ọ́ fún yín lójúlé-lójúlé, ẹnu á bó mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹni tó sọ fún mi kí n tó gbéra pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wa, pé kò sí bí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ṣe lè di àjèjì ní Ọ̀wọ̀, irọ́ ló pa fún mi. Mo di àjèjì níbẹ̀ débi pé oorun mi pàápàá yí padà.

Ẹ mọ̀ pé oníbẹ̀rù ni mí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí òjò bá ṣú ní Ìlọrin, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sáré ká aṣọ ní Ṣakí. N kì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò yìí, ẹni tí kò mọ ẹ̀rù rí ì bá kọ́ ọ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo bá lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kékeré kan wà ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà, láyé àwọn ológun, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn aláṣẹ yá wọn ní kọ̀ǹpútà kan, ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, tí yóò wà níbẹ̀ títí ìdánwò á fi parí. Orúkọ mi ló jáde. Àdéhùn náà kò lọ́jú pọ̀: bí Oṣù Kẹsàn-án bá ń lọ sópin, olùyẹ̀wò á wá láti Àkúrẹ́. Bí àwọn ọmọ bá lè tẹ odidi lẹ́tà iṣẹ́ ọ́fíìsì kan lórí kọ̀ǹpútà náà láìwo ìka, tí wọ́n sì parí rẹ̀ lásìkò, kọ̀ǹpútà di tiwọn. Bí wọn kò bá lè ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ̀rọ kan, ọmọ púpọ̀, báwo ni wọn ó ṣe kọ́ ọ? Mo pín ẹ̀kọ́ náà sí méjì: ìdajì nílé, ìdajì ní kíláàsì. Fún ti ilé, mo ka ẹ̀kọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì kí n tó kúrò ní Ṣakí. Èmi ni mo ń pe lẹ́tà àti ìka tó ni ín, àbúrò mi sì ń lu ìlù sámbà lẹ́yìn mi kí ìka lè mọ ìgbà tó yẹ kó balẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ìtẹ̀wé rí mọ̀ pé bí ìka kò bá ní ohun tó ń tẹ̀ lé, ńṣe ló máa ń sáré níbi tó rọrùn, tí á sì máa wọ́ nílẹ̀ níbi tó le. Gbogbo ọgbọ́n tí mo gbé dání nìyẹn. Mo fi aṣọ wé kásẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni wé ẹyin.

Àbáwọ̀lé

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Láti Àkúrẹ́ lọ ni igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọ̀nà, tó jẹ́ pé èmi tí ojú mi ti mọ́ pápá àti òkè àpáta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí kúkúrú. Nígbà tí a ya Èmùré-Ilé, tí àwọn obìnrin gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wá sójú fèrèsé, obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé Ọ̀ghọ̀ ni mò ń lọ. Mo ní rárá, Ọ̀wọ̀ ni. Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, àfi ìgbà tí obìnrin náà fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù,” ó ní. “Bí àwa ṣe ń pe ìlú wa nìyẹn.”

Ó wá yí ohùn padà, ó ń bá mi sọ Yorùbá tó gún régé bíi ti rédíò títí a fi sọ̀.

Ohun tí mo ń rí nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá wà láàárín ara wọn, èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń sọ, n kì í sì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Bí mo bá ti yọjú báyìí, wọ́n á yí i padà nítorí mi, bí ẹni tó dìde fún àlejò kó lè rí ibi jókòó. Ìwà ọmọlúàbí gidi ni. Ṣùgbọ́n kí oníbẹ̀rù wọlé, kí gbogbo ènìyàn sì yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni yóò máa rò? Mo rò pé èmi ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ obìnrin, ọmọ ìlú náà gan-an, láti ìdílé Áńgílíkà tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ayé bàbá rẹ̀. Mà ni gbogbo wa ń pè é. Ilé rẹ̀ ni mo wọ̀ sí. Lọ́jọ́ tí mo dé, iyán ni. Lọ́jọ́ kejì, ní kùtùkùtù, nígbà tí ẹ̀yin ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́, iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo béèrè ọkà bí ẹni tó ń ṣeré. Mà wò mí tàánú-tàánú.

“Ẹ̀yin ará òkè,” ó ní, “tí iṣu bá wà ní tútù, kí lẹ ń sá a sóòrùn fún?”

Mo bu òkèlè mìíràn. Ẹ bá mi fi bò ó, ṣùgbọ́n iyán yẹn dùn.

Páálí

Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ojú kíbọ́ọ̀dù sórí páálí ọṣẹ, kó gbé e lọ sílé, kó máa tẹ̀ ẹ́ bí kásẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń pè é. Mo da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ fún wọn. Ẹni tí kò ní rédíò nílé lọ ń jókòó ti ẹni tó ní. Lọ́jọ́ kíláàsì, oníkálukú á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún ìwọ̀nba àsìkò tó kàn án, á fi ìka gidi ṣe ohun tó ti fi páálí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn òbí fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá kan ní òun rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ó padà délé, ó ń gbá páálí lójú.

Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ìka wọn ń mọ ilé wọn. Èyí tó yá jù nínú wọn ni Sídíkátù, ọmọ télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, ó di ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Mo tilẹ̀ kọ̀wé sílé pé ó dà bí ẹni pé ojú kò ní tì mí.

N kò mọ̀ pé mo ti yá ayọ̀ jẹ.

Ìlú láìsí fìlà

Mo jáde lọ́jọ́ kan, mo ti gẹ abetí-ajá mi sápá kan, ni màmá àgbàlagbà kan tó ń tẹ̀pá bá pè mí.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà yín. Igogo ti dé.”

Mo wò yíká. Kò sí ọkùnrin kan tó dé fìlà, kò sí obìnrin kan tó wé gèlè. Èmi nìkan ni mo gbé nǹkan lérí bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Mo ṣí i wéré, mo rún un mọ́ inú àpò, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tó bẹ́ẹ̀ o, ọmọ òun.

Mà jókòó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún ayaba ayé àtijọ́ kan ni, Orònṣẹn, pé kò sí ọdún tó ga tó o nílùú, pé ó ní àwọn èèwọ̀ tirẹ̀. Mò ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìtìjú tó bá mi nítorí fìlà ni mo ṣì ń rò. Bóyá ó dárúkọ èèwọ̀ mìíràn, bóyá kò dárúkọ rẹ̀, n kò lè búra. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ jáde, mo máa ń fọwọ́ kan orí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìka àwọn ọmọ kú.

N kò mọ bí n ó ṣe pè é yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá sí kíláàsì, wọ́n kí mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ, ìka kò sì mọ ibi tó ń lọ mọ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo kíbọ́ọ̀dù, wọ́n ń fi ìka ìfábẹ̀lá nìkan ṣa lẹ́tà bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Sídíkátù pàápàá. Mo bi í pé ṣé ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹ̀kọ́ nílé.

“À ń gbìyànjú, sà,” ó ní, kò sì wojú mi.

“Ṣé rédíò bàjẹ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé bátìrì ni kò sí?”

“Bátìrì wà, sà.”

Mo bi àwọn yòókù, èsì kan náà ni. Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn padà, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè Ọ̀wọ̀. Mo yíjú sí wọn, wọ́n dákẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, ìrònú tó ń wá sí ọkàn ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè kà fún ọmọ rẹ̀. Mo ní mo ti sú wọn ni. Mo ní àwọn òbí ti ní kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ní nítorí fìlà ni. Iyán tí mo ti ń gbé mì geere, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ nínú àwo. Mo sọ fún Mà, ó ní ọdún ló gba ọkàn àwọn ọmọ, pé bí agogo bá ń dún níta, ta ló fẹ́ jókòó ti páálí? Òun pàápàá kò gbọ́ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà rí, nítorí náà kò sí bó ṣe lè mọ̀. Olùyẹ̀wò sì ń bọ̀. Mò ń fojú inú rí i tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn mọ́tò, tí gbogbo ìlú ń wò mí.

Elégbéka

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ wà lára wọn, láti Elégbéka lápá Ọ̀sẹ́, tí kì í lè wá déédéé nítorí iṣẹ́ oko. Mo lọ bá a nílé. Kí n má purọ́, mo fẹ́ sá fún Ọ̀wọ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ kan ni.

Ìyá rẹ̀ ń sun iṣu lábẹ́ àtíbàbà. Usu ni òun pè é, ó sì gbé e fún mi pẹ̀lú epo pupa kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá. Bí mo ti ń jẹ ẹ́ ni mo gbọ́ ohùn ara mi láti ẹ̀yìn àká: “Ìka kékeré òsì.” Lẹ́yìn rẹ̀ ni sámbà àbúrò mi dún. Omi lé sójú mi. Ilé ló dé bá mi lókèèrè yẹn. Mo yọjú, mo rí Bọ́sẹ̀ pẹ̀lú páálí lórí itan, ojú rẹ̀ wà lára igi lọ́ọ̀ọ́kán, ìka rẹ̀ sì ń balẹ̀ níbi tó yẹ bí òjò ìrọ̀lẹ́.

Mo ní, “Bọ́sẹ̀, kí ni ìwọ ń jẹ tí àwọn ti ìlú kì í jẹ?”

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. “Tíṣà, ṣé kásẹ́ẹ̀tì yìí náà lẹ fún àwọn tó wà nínú ìlú?”

“Òun náà ni, mà.”

“Tòun ti ìlù tó wà nínú rẹ̀?”

“Tòun tìlù.”

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ fún mi, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Bí Igogo bá ti wọlé, a kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Agogo nìkan ni. Ó ní àwọn wà lóko tiwọn, apá ibí kò sí nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìlú, ẹni tí ìlù bá dún nílé rẹ̀ á rojọ́.

“Wọ́n mọ̀, sà,” Bọ́sẹ̀ sọ fún mi. “Gbogbo wọn ló mọ̀.”

“Kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi?”

Ó wo ìyá rẹ̀, ó tún dojú kọ páálí rẹ̀. Mo gbé àwo iṣu sílẹ̀. Ìyàlẹ́nu kọ́, ẹ̀rù gidi ló bà mí. Èmi àjèjì ni mo fọwọ́ ara mi pín ìlù fún ojúlé-ojúlé nínú ìlú tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ìlù, tó fi jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tó bá ṣèèṣì tẹ rédíò láàárín ọjà ti tó láti sọ mí di ìtàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo sọ.

Agogo

Nígbà tí mo ro ẹjọ́ fún Mà, ó kọ́kọ́ da ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ronú bóyá kí n di ẹrù mi.

“Ẹ jókòó, jàre,” ó ní. “Bí ìlù bá jẹ́ èèwọ̀, ṣé agogo náà jẹ́ èèwọ̀ ni? Ẹ fi agogo ka òmíràn.”

Ẹ̀rù tún bà mí pé kí n má lọ fi nǹkan ọdún wọn ṣeré. Mà mú mi lọ sọ́dọ̀ àgbà kan nínú ìdílé rẹ̀, bàbá arúgbó tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn. Ó ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi agogo ṣe. Mo sọ ọ́, kò dá mi lójú pé ó yé e, nítorí èmi pàápàá ń kálòlò.

“Agogo kì í bá Igogo jà,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ìwé wọn.”

Kíláàsì la ti ka tuntun. Mo pè wọ́n jọ, mo ní ẹ̀kọ́ tuntun la fẹ́ kà, n kò mẹ́nu kan ìlù rárá nítorí ojú ń tì mí. Nígbà tí wọ́n rí agogo lọ́wọ́ Mà, wọ́n wo ara wọn, mo sì rí ejìká tó sọ̀ kalẹ̀. Sídíkátù ló lù ú. Èmi ń pe lẹ́tà, ó ń lù ú tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ agogo wọn yá ju sámbà wa lọ, ó ń lé mi bí ajá. Mo ní kó rọra. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni agogo ṣe ń dún, sà. Mo fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá láàárín ìlú, mo máa ń gbọ́ ohùn mi láti inú ilé onílé, agogo wọn lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá kí inú mi dùn tàbí kí n máa sá.

Olùyẹ̀wò

Ọkùnrin náà dé ní fìlà. Mà sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu mọ́tò, ó ní ẹ káàbọ̀, sà, ẹ ṣí fìlà. Ó rò pé wọ́n rí òun fín. Títí wọ́n fi ṣàlàyé fún un, ojú rẹ̀ ti korò, ó sì wọ kíláàsì pẹ̀lú orí pípá àti inú bíbí. Mo ní ó ti parí.

Ẹni àkọ́kọ́ ṣàṣìṣe, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó parí díẹ̀ kí àsìkò tó pé. Ẹni kejì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́sẹ̀ jókòó, ó sì ṣe é bí ẹni ń mumi. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, òfin ìdánwò kò gbà á, ṣùgbọ́n mo rí i pé ètè gbogbo wọn ń mì. Olùyẹ̀wò náà rí i.

“Kí ni wọ́n ń sọ lẹ́nu?” ó bi mí.

“Agogo ni, sà.”

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó dúró sẹ́yìn Sídíkátù, ó sì fi ìwé bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa lè wo ìka. Ọmọ náà gbójú sókè sí ojú kọ̀ǹpútà, ètè rẹ̀ ń mì, lẹ́tà sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, títí dé orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Àṣìṣe kan péré ni mo rí. Ọkùnrin náà kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà.

“Kọ̀ǹpútà yín dúró,” ó ní, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹ iyán.

Ìdágbére

Lọ́jọ́ tí mo ń padà bọ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá Sídíkátù láti dágbére. Ọmọ náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣẹ́tí aṣọ. Bàbá náà fún mi ní bẹ́ǹṣì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín kí ẹ tó lọ. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, n kò lè jẹ́ kí ìlù dún nílé mi nígbà Igogo. Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó lọ sọ fún yín. Ó kọ̀. Òun ló kó àwọn yòókù jọ tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún yín.”

“Kí ni mo ṣe fún wọn, bàbá?”

“Mo bi í léèrè. Mo ní ṣé ẹ fẹ́ kùnà ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ? Ó ní kí wọ́n gbé e lọ. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ kò mọ tíṣà wa. Bí a bá sọ fún un, ẹ̀rù á bà á, á sì padà sílé.’”

Mo wo Sídíkátù. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sáré, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń rò pé wọ́n fẹ́ kí n máa lọ, ó ti hàn sí wọn pé n kò ní pẹ́ sá, wọ́n sì ti gbà láti pàdánù kọ̀ǹpútà kí n lè dúró. Ẹkún gbọ̀n mí. N kò sunkún rí níwájú akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sun ún lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ sì yí ojú sí ògiri fún mi.

Ọkọ̀ Àkúrẹ́ ń fọn fèrè. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin náà, mo sì wọ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà dúró sí Ọ̀wọ̀. Èmi ni wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn.